Àgbo Tó Dùn: Ọdún Mẹ́tàlélógún Tí Mo Fi Ta Ewé fún Àwọn Tí Kò Fẹ́ Sùn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ kí n là á mọ́lẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí kò ní máa bí yín nínú, ẹ má ta ewé. Ẹ lọ ta símẹ́ńtì. Ẹni tó ra símẹ́ńtì kì í padà wá sọ fún ẹni tó tà á pé òun pò ó mọ́ kọfí. Èmi ta ewé àti àgbo ní ìlú Bìní fún ọdún mẹ́tàlélógún, láti 1991 títí dé 2014. Àwọn oníbàárà mi, ìwé ni wọ́n jẹ dàgbà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá to ìwé tó ti kà jọ, yóò ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Síbẹ̀, n kò rí mẹ́wàá nínú wọn tó gbà pé oorun ni oògùn àìsùn.

Wọ́n á dé, wọ́n á dúró lé mi lórí bí ẹni tí ajá ń lé. "Màmá, ẹ bá mi wá nǹkan sí sítírẹ́ẹ̀sì." Màá ní, "Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?" Wọ́n á ní, "Màmá, kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn." Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó jókòó sínú iná, tó ń bi mí pé èló ni mò ń ta omi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gba àròyé. Ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, rí iṣẹ́ káfíńtà ní Bìní. Mo pọn ọmọ kan, mo lóyún èkejì, a gbéra ní Ọ̀wọ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, mo sì gbàgbé méjì nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. A gba yàrá kan sítòsí ọjà Santana, ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Àkúrẹ́, eléwé ọmọ, arúgbó tó gbẹ bí èèpo igi tó ń tà. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Ohun tó ń fún mi lọ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀, ojú ń tì mí dípò rẹ̀.

Odidi ọdún kan ni mo fi fọ ewé. Mo ń fọ, mo ń sá a, mo ń ká a kúrò lóòrùn. N kò ta ewé kan. Láràárọ̀, kí ọjà tó kún, Ìyá yóò fi gèlè dì mí lójú, yóò gbé ewé sí mi nímú. "Kí nìyí?" Bí mo bá gbà á, kò ní yìn mí. Bí mo bá ṣì í, ìdì ewé tútù náà ni yóò fi gbá mi létí. Ní ọjọ́ kan mo pe ewúro ní ewé mìíràn. Kò lù mí. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí n jẹ ewúro náà tán níwájú òun, láìfọ̀, láìsí iyọ̀. Mo jẹ ẹ́ títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ó ní, "Ó tó. Imú rẹ lè gbàgbé, ahọ́n rẹ kò ní gbàgbé mọ́." Lóòótọ́ ni. Títí dòní, bí ewúro bá ń bọ̀ láti Uwasota lápá kejì ìlú, mo ti mọ̀ ní Santana.

Òfin mẹ́ta ni ìyá yẹn ní, ó sì le ju òfin ìjọba lọ. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ewé lórí ìdúró. Pákó gbọọrọ kan wà níwájú àtẹ wa, orí rẹ̀ ni oníbàárà gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ìyá á wá máa wá ewé tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Á ká a síbí, á tú u sọ́hùn-ún, á máa béèrè ilé, á máa béèrè ọmọ, á béèrè pé, "Ta ló ń lé ọ, ọmọ mi?" Nígbà tó bá fi rí ewé, ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ dé ti ń mí bí ènìyàn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nínú mi pé ojú ìyá yìí ti bàjẹ́. Ojú tèmi ló bàjẹ́.

Òfin kejì: àgbo gbọ́dọ̀ korò. "Àgbo tó bá dùn, olè ni," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Kíkorò ni aṣọ́nà ẹnu. Bí kò bá sí aṣọ́nà, ènìyàn á mu ún kọjá ibi tó yẹ." Ẹ̀kẹta ni pé eléwé kì í ka ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe eléwé. Nígbà tí mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, iwájú àwọn ìyá ẹgbẹ́ eléwé ni mo ti gbé ọwọ́ lé ìdì ewé tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹnu mi kò ní tú ìkòkò. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní orógbó, mo di ọ̀gá ara mi.

Mo gbé àtẹ tèmi lọ sí Uwasota, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ yunifásítì Ugbowo ń gbé, mo sì ti gbọ́ pé ojú wọn kì í wálẹ̀. Irọ́ kọ́. Ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ti Òṣogbo wá, àwọn tó ti Adó-Èkìtì wá, gbogbo wọn ń sáré. Èyí ń sáré ìdánwò, èyí ń sáré ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, èyí ń gbààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta kí ìdánwò lè dára. Obì ló sì ń jẹ láti má sùn, bí ẹni pé obì kì í ṣe oúnjẹ. Mo bi ọmọbìnrin kan nínú wọn, ọmọ Ìkìrun tí wọ́n bí sí Bìní.

"Ṣé Ọlọ́run kì í ka obì kún ni?"

Ó ní, "Mummy, I dey hear Yoruba, but this one no concern food, na kí mi lè jí."

Mo ní, "Ó dáa. Bí o bá jí tán, wá sọ fún mi ibi tí o gbé ọpọlọ sí."

Àárín ìrúkèrúdò yẹn ni Bàbá Ìjẹ̀bú wọ inú ayé mi. Àgbà olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Bí ìyàwó rẹ̀ bá lọ ra ẹja ní ẹ̀yìn àtẹ mi, orí pákó mi ló máa ń jókòó sí láti dúró dè é, nítorí ìyàwó yẹn lè ná ẹja kan títí ẹja á fi bínú.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ṣé o mọ ohun tí ò ń tà?"

Mo ní, "Ewé ni, Bàbá. Àbí ẹ ti nílò dígí mìíràn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Lórí kíndìnrín wa méjèèjì, ẹran kékeré kan wà tó dé e bíi fìlà. Ibẹ̀ ni ara ti ń rán oníṣẹ́ méjì jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Àkọ́kọ́ ń jẹ́ adirẹnalíìnì. Bí ọlọ́kadà ló ṣe rí: ó dé wàrà, àyà lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ làágùn, o sá lọ, ó tán. Èkejì ni kọ́tísọ́ọ̀lù. Òun ni ọlọ́dẹ ọjà."

"Ọlọ́dẹ ọjà báwo?"

"Láàárọ̀, òun ló ń ṣí géètì. Òun ló ń jí wa, òun ló ń kó ṣúgà jáde láti inú yàrá ìpamọ́ kí ara lè rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Ènìyàn rere ni. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ó yẹ kó gbé kùmọ̀ rẹ̀ kọ́ kó relé. Bí ìjà bá wá wà lọ́jà lójoojúmọ́ ńkọ́? Ìjà owó ilé, ìjà ọ̀gá níbi iṣẹ́, ìjà ìdánwò. Kò ní relé. Ọlọ́dẹ tí kò relé, ebi á pa á, ọjà tó ń ṣọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Oorun á lọ, ikùn á yọ, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, egbò kékeré kò ní san bọ̀rọ̀."

Mo ní, "Bàbá, ewé wo ló ń lé ọlọ́dẹ yìí relé?"

"Kò sí."

"Kò sí kẹ̀?"

"Ohun tó ń rán an relé ni kí ìjà dákẹ́. Kí ènìyàn sùn lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Kí ó jẹun láàárọ̀ kí ó tó fẹnu kan obì tàbí kọfí. Kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Kí ó rí oòrùn àárọ̀. Kí ó rí ẹni bá rẹ́rìn-ín. Ewé rẹ lè bá wọn ti ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ilé ìwòsàn sì ti fún ní oògùn, ewé rẹ kò gbọdọ̀ gba ipò oògùn rẹ̀."

Mo ní, "Bí mo bá ń sọ èyí fún oníbàárà, kí ni èmi yóò wá tà?"

Ó ní ìyẹn kò sí nínú ìwé tí òun kà. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹja dé, wọ́n lọ.

Mo ronú sí i, mo rí i pé ohun tí Ìyá Àkúrẹ́ ń ṣe pẹ̀lú pákó rẹ̀ gan-an nìyẹn, òun kò kàn mọ orúkọ ọlọ́dẹ ni. Nítorí náà mo ń sọ ọ́, mo sì ń tà. Koríko ọba fún tíì ìrọ̀lẹ́, efinrin fún ọbẹ̀, àti ẹnu mi lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ kan tó ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Uwasota dé géètì yunifásítì, mo ní kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀. Ó ní òun kò ráàyè. Mo ní, "Ẹ ráàyè dúró níbí fi bú ìjọba fún wákàtí kan." Ó rìn. Lẹ́yìn oṣù méjì ó wá sọ fún mi pé òun ti ń sùn bí ọmọ ọwọ́, ó wá fi kún un pé àgbo mi mà lágbára o. Àgbo mi! Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ṣiṣẹ́, àgbo ni olùkọ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi, mo sì gba owó.

Àsìkò ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, odó ni, ìkòkò amọ̀ ni, ewé la fi ń pọ́n ewé. Ọ̀rá dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá wé e. Ẹ̀rọ ìlọta dé, odó di àga ìjókòó. Lẹ́yìn náà ni ìgò omi dé, tí gbogbo ènìyàn ń mu tí wọ́n ń jù nù, a ń ṣà á, a ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a ń rọ àgbo sínú rẹ̀. Nígbà tí fóònù wá dé, inú mi dùn, n kò ní parọ́. Oníbàárà kò nílò láti wá mọ́. "Màmá, ìgò méjì, ọlọ́kadà ń bọ̀." Mo ta ohun tí n kò tà rí. Pákó mi wà níta, adìẹ ń yàgbẹ́ sí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ráhùn pé ó korò. "Mama, e bitter pass my lecturer." Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì pa mí lára. Mo ronú pé ta ni ó sọ pé oògùn gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ènìyàn? Ewé kan wà tí a ń pè ní ojú ológbò. Èso rẹ̀, pupa tó ní ojú dúdú, májèlé ni, kò sí eléwé tó ń fi ọwọ́ kàn án fún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ dùn, àwọn àgbà ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ikọ́. Mo bù ú sínú ìkòkò, kì í ṣe díẹ̀. Àgbo mi dùn bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń lá ẹnu, wọ́n ń pè mí padà. Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n. Mo ní ayé ìyá mi ti kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé wà lára àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Olùkọ́ ìṣirò ni ní yunifásítì, ó ń kọ ìwé tí yóò fi di ọ̀mọ̀wé, ó ti ń kọ ọ́ láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀, Tóbi, wà ní jéléósinmi, Tóbi ti fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga báyìí. Wọ́n ti wá mú ọjọ́ tí yóò dúró níwájú àwọn àgbà láti gbèjà ìwé náà. Ó ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Màmá, ìgò mẹ́rin. Tó dùn yẹn o!" Mo ń fi ránṣẹ́. N kò bi í pé ta ló ń lé e. N kò bi í pé ṣé ilé ìwòsàn ti fún un ní oògùn kankan. Ohùn inú fóònù kì í làágùn, báwo ni n óò ṣe mọ̀?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóbi, já wọ àtẹ mi láìwọ bàtà. Ìgò mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Dúpẹ́! Kí lẹ fi sínú èyí?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti ṣubú! Nínú kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún kò gbéra, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí omi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru kọjá ibi tí wọ́n lè fojú rí. Ó ti tó oṣù méjì tí kò ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un, ó ní àgbo yín ń ṣe é. Dókítà ní àfi kí àwọn mọ ohun tó ń mu, kí oògùn àwọn má baà pa á. Ẹ sọ fún mi!"

 Kí n tó lanu, Ìyá Ọ̀kẹ́ ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Òun ni olórí ẹgbẹ́ eléwé, àtẹ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ó fa ìró mi, ó fà mí sẹ́yìn.

Ó ní, "Sọ pé efinrin lásán ni."

"Kì í ṣe efinrin lásán."

"Mo mọ̀. Ṣé o fẹ́ ka ohun tó wà nínú ìkòkò fún wọn ni? O gbé ọwọ́ lé ewé, o jẹ́jẹ̀ẹ́. Bí o bá kà á, ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo wa ni wọn yóò wá kó. Jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

"Bí ó bá kú ńkọ́?"

"Bí ó bá kú, oògùn tí kò lò ló pa á."

Ẹ̀yin ọmọ, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tó fi burú. Mo wo ìyàwó tó dúró láìwọ bàtà. Mo wo Ìyá Ọ̀kẹ́. Mo ní kí Dúpẹ́ ọmọ mi wo àtẹ, mo bá Ìyá Tóbi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá Tóbi ń wo ọ̀tún, èmi ń wo òsì. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ wẹ̀yìn, ó ní, "Una two dey quarrel?" A pòṣé sí i pa pọ̀, ó sì kọjú síbi tó ń lọ.

Dókítà tó gbà wá, ọmọbìnrin Ẹ̀dó ni, kò tíì dàgbà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gba ìgò lọ́wọ́ wa, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mú bírò.

"Mama, wetin dey inside? Abeg, no hide anything."

Mo ń tú gèlè mi, mo ń tún un wé.  Àyà mi ń lù, àtẹ́lẹwọ́ mi tutù, mo mọ̀ pé ọlọ́kadà Bàbá Ìjẹ̀bú ti dé bá èmi náà.

Ó ní, "Mama, the man dey there. I no get whole day."

Mo ní, "Na seven things." Mo bẹ̀rẹ̀. Koríko ọba. Efinrin. Ewé gúáfà. Atalẹ̀. Ewúro díẹ̀. Èèpo ọsàn. Ó ń kọ ọ́. Mo dúró.

"Mama, you say seven. I write six."

Ìyá Tóbi yíjú sí mi.  

Mo ní, "Ewé ojú ológbò. Na im dey sweet am. I put am plenty."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "E sweet like wetin?" Mo ní bíi ṣúgà tó ta gbòǹgbò sórí ahọ́n. Ó dìde, ó sáré lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n padà, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ Káyọ̀dé yẹ̀ wò, wọ́n ní iyọ̀ ara kan tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n sì yí ohun tí wọ́n fẹ́ fún un padà. Nígbà tó yá, ọmọ dókítà yẹn jáde wá bá mi. Ó ní gbòǹgbò dídùn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń fi sínú súwíìtì, tí ènìyàn bá jẹ ẹ́ púpọ̀, kì í jẹ́ kí kọ́tísọ́ọ̀lù rọlẹ̀ níbi tó yẹ kó rọlẹ̀, á dá omi àti irú iyọ̀ tí a ń jẹ dúró sára, á máa tú iyọ̀ kejì yẹn dànù, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Ó ní òun kò lè búra pé bákan náà ni ewé tèmi, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Oògùn tí Káyọ̀dé pa tì, àìsùn rẹ̀, àti kọfí ló bá ewé náà ṣe é.

Mo bú sẹ́kún. Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé kí ọlọ́dẹ relé, èmi ló ti géètì mọ́ ọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Káyọ̀dé kò fi sọ̀rọ̀. Èmi àti Ìyá Tóbi jókòó sórí ìjókòó kan náà níta, ó ń fún mi nínú búrẹ́dì rẹ̀, mo ń gbà á. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n pè wá wọlé. Káyọ̀dé ti lajú. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ síwájú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ yóò sọ lẹ́yìn ikú.

Ó ní, "Wọ́n ti sún... ọjọ́ ìdánwò mi... síwájú?"

Ìyá Tóbi pòṣé kan tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Ó ń sunkún, ó ń pòṣé, ó ń fọwọ́ nu ẹnu ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbà mí! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Ikú lọ, ìdánwò ló ń béèrè!"

Bí mo ṣe padà sí ọjà, ẹgbẹ́ ti jókòó dè mí. Wọ́n yọ mí. Wọ́n ní kí àwọn tó ń kó ewé bọ̀ láti oko má tà fún mi. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Atúkòkò. Ìyá Àkúrẹ́ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, n kò sì mọ ohun tí ì bá sọ, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu. Ọdún méjì ni mo fi ń wọ igbó fúnra mi, láti ja ewé tí mo ń tà. Mo da ojú ológbò nù. Mo ní kí Dúpẹ́ máa kọ ohun tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, bí o bá ń lo oògùn ilé ìwòsàn, bi dókítà rẹ kí o tó mu èyí. Oníbàárà sá. Àgbo tó korò, tó tún ń bá ènìyàn wí lórí bébà, ta ló fẹ́? Mo ta tòmátì láàárín ìgbà yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń padà. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rin, Ìyá Ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wá bá Dúpẹ́ pé kó bá òun kọ bébà tòun. Kò kí mi. Ó kọjá níwájú mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.

Bí ẹ bá wá bi mí pé ṣé iṣẹ́ náà dára, n kò mọ̀. Ó bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ó kọ́ mi pé ènìyàn yóò san owó fún ohunkóhun àyàfi ìsinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsinmi nìkan ló wà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó le, kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá rò pé ẹ gbọ́n ju ọ̀gá yín lọ, kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ta ni yóò mu ọgbọ́n yẹn.

Ní 2014 orúnkún mi kọ̀. Ọjọ́ tí mò ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, Káyọ̀dé gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀mọ̀wé Káyọ̀dé ni báyìí. Ọdún méjì lẹ́yìn àkókò tó fẹ́ ni ó tó gbèjà ìwé náà, ayé kò sì parẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì lọ́ra díẹ̀, ó ń fi tòsì kí ènìyàn. Ó dúró nínú oòrùn, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, nítorí ara kò jẹ́ kó tán an.

"Màmá, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́."

"Kúrò nínú oòrùn."

"Mo ti lo oògùn ti àárọ̀, Màmá. Mo sì jẹun kí n tó lò ó. Wákàtí méje ni mo sùn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débí."

N kò bi í. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, n kò bi ọkùnrin yìí ní nǹkan kan. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ló dúró síwájú mi tó ń ka oorun àti oúnjẹ rẹ̀ fún mi bí ọmọ jéléósinmi. Mo fẹ́ bú u.  Mo yíjú sẹ́yìn, mo ń wá nǹkan nínú ìdì tí mo ti dì tán.

Ó ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Eruku ló bọ́ sí mi lójú. Máa lọ sílé, ìyàwó rẹ ń retí rẹ."